Ẹnu Ọ̀nà Tó Dá Ọmọ Mi Padà

Ọdún tí àgbàrá gbé afárá onígi ojú ọ̀nà oko wa lọ ni. Àwọn tó mọ̀wé lè fi nọ́ńbà ka ọdún. Èmi ò kàwé, afárá yẹn ni mo fi ń ka tèmi. Òjò náà rọ̀ débi pé ẹ̀gẹ́ tí a gbìn sétí odò bá omi lọ pátá. A ṣì ń wá igi tí a ó fi tún afárá ṣe nígbà tí ìròyìn dé pé ìjọba ti ti ibodè. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí ojú mi rí i. Nígbà tí mo ṣì ń pọn ọmọ, àwọn sójà tì í rí. Nígbà yẹn a ní kò ní pẹ́ ṣí, ó sì pẹ́. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ abúlé tún ń sọ pé kò ní pẹ́, mo kàn ń wò wọ́n ni.

Ọmọ-ọmọ mi ló ń kọ ọ̀rọ̀ yìí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i. Ẹni tó ṣẹ̀ mí ṣì ń gbé ní Ìlaròó, àwọn ọmọ rẹ̀ ń lọ sílé-ìwé. Èmi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ mi na ọmọ ọlọ́mọ.

Abúlé wa kò jìnnà sí Àgọ́ṣáṣà. Bí èèyàn bá dúró lẹ́yìn ilé tí a ti ń yan gàárì, èéfín tí yóò máa rí lókèèrè, ti ilẹ̀ Faransé ni. Àwọn ará ibí ń dáko lọ́hùn-ún, àwọn ará ọ̀hún ń dáko níbí; ìgbà tí a bá ń bú ara wa nìkan la máa ń rántí pé ìlú wa kì í ṣe ọ̀kan. Ọmọ mi obìnrin, ọ̀kan ṣoṣo tí mo bí lóbìnrin, lọ kọ́ aṣọ rírán ní Àjàṣẹ́ lọ́hùn-ún, ibẹ̀ ló sì ti rí ọkọ. Ìlú kékeré kan lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́ ni wọ́n ń gbé. Ọkọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé fún àwọn èèyàn. Ọmọ náà pẹ́ nílé ọkọ kó tó lóyún. Ó pẹ́ débi tí mo fi dẹ́kun bíbéèrè. Bó bá wá kí mi, ikùn rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, màá sì yára gbójú kúrò kó má baà rí i pé mo wò ó. Ọdún afárá yìí ló lóyún.

Lọ́dọ̀ wa, ìyá abiyamọ ló ń lọ wẹ ọmọ tuntun. Kì í ṣe iṣẹ́ tí èèyàn ń gbé fún ẹlòmíràn bí ẹni tirẹ̀ bá wà láyé. Òun ni yóò fi omi gbígbóná tẹ abiyamọ níkùn, òun ni yóò máa na ọmọ lápá na án lẹ́sẹ̀, tí yóò máa tẹ orí rẹ̀ kó lè rí bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n kì í kàn dìde lọ. Àwọn ará ilé ọkọ gbọ́dọ̀ ránṣẹ́ pè é. Ìyá tó bá dédé gbẹ́rù dé ilé àna láìjẹ́ pé wọ́n pè é, wọ́n á ní ebi ló lé e wá, ọmọ rẹ̀ ni yóò sì máa gbọ́ ọ lọ́jọ́ tí ìjà bá dé. Nítorí náà, gbàrà tí ibodè tì ni èmi àti ọmọ mi ti ṣàdéhùn. Bó bá kù díẹ̀, ọkọ rẹ̀ yóò kọ̀wé sí mi. Bí mo bá fèsì pé mo ti gbọ́, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó mọ igbó dáadáa yóò wá mú mi létí oko wa.

Ẹ ó bi mí pé fóònù ńkọ́. Fóònù wà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ibodè tì, ìjọba tún ní kí wọ́n má gbé epo wá sí àwọn abúlé tó sún mọ́ ẹnu ibodè mọ́, wọ́n ní à ń tà á sí òdìkejì. Jẹnẹrétọ̀ ni òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì abúlé wa ń lò. Ó fọhùn fúngbà díẹ̀, ó kú. Fóònù mi di tọ́ọ̀ṣì tí mo fi ń wá bàtà lábẹ́ ibùsùn. Nígbà tí mo bá sì lọ sí Ìlaròó, tí mo ní kí wọ́n bá mi pe nọ́ńbà ọmọ mi, ẹ̀rọ á kàn máa sọ gẹ̀ẹ́sì sí wa létí. Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni mo tó mọ̀ pé wọ́n ti já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jà, nọ́ńbà ọkọ rẹ̀ kò sì sí lọ́wọ́ mi.

Ímeèlì ló kù. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹgbẹ́ àwa onígàárì ní ilé kan ní Ìlaròó, a máa ń jókòó níbẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì méjì, akọ̀wé ẹgbẹ́ sì ti gbé ẹ̀rọ kan sí iyàrá ẹ̀yìn tó ń gba lẹ́tà fún gbogbo wa. Ó fi sólà sórí ilé nítorí rẹ̀. Àwọn tó ń ra gàárì lọ sílùú òyìnbó ló kọ́kọ́ tìtorí wọn ṣe é, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn ọmọ wa náà fi ń gba ibẹ̀ kọ̀wé sí wa. Lọ́jọ́ ìjókòó, akọ̀wé á pè wá wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, á ka tẹnì kọ̀ọ̀kan fún un.

Akọ̀wé yìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí kò tíì lè rìn dáadáa, èmi ni mo gbé e. Bí mo bá sọ ọmọ mi obìnrin kalẹ̀, màá pọn ọ́n. Bí mo bá sọ ọ́ kalẹ̀, tèmi á máa ké. Ọkọ mi ni mo ń pè é, bí àwa obìnrin ṣe ń pe ọmọkùnrin ilé bàbá wa. Gàárì tí mo yan ló fi kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà. N kò sọ ọ́ kí wọ́n lè dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Bó ṣe ṣàlàyé ẹ̀rọ náà fún wa nìyí. Ó ní orúkọ ẹgbẹ́ ni ilé. Orúkọ tí wọ́n bá kọ síwájú rẹ̀ ni ẹni tí lẹ́tà ń wá nínú ilé. Ó fi orúkọ wa sínú ẹ̀rọ, orúkọ gan-an, láìsí ìyá, láìsí màmá. Ṣùgbọ́n ọmọ wo ni yóò jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, tí yóò tẹ orúkọ ìyá rẹ̀ ní ṣákálá bí ẹni ń rán ọmọdé níṣẹ́? Ọwọ́ wọn ò gbà á. Ẹni tó wà ní Èkó ń kọ Màmá mi, á fàlà kékeré kan sí i, kó tó wá kọ orúkọ. Ìyàwó tó ń kọ̀wé sí àbúrò ọkọ rẹ̀ ń kọ orúkọ àdàpè tó fún un lọ́jọ́ tó wọlé, torí ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ. Àna mi ọkùnrin náà, báwo ni yóò ṣe la ẹnu pe ìyá ìyàwó rẹ̀ lórúkọ? Ìyá ló ń kọ, á fàlà, á wá kọ orúkọ ìyàwó rẹ̀, bí gbogbo èèyàn ṣe ń pè mí.

Gbogbo rẹ̀ ló ń wọlé nígbà náà. Ohun yòówù kí wọ́n kọ síwájú orúkọ ẹgbẹ́, ẹ̀rọ kì í bi wọ́n léèrè, inú apẹ̀rẹ̀ kan náà ló ń já sí. Akọ̀wé á wá tú u, á máa rẹ́rìn-ín, á ní, Màmá, tiyín nìyí. Kò sí orúkọ tí wọ́n ń pe ẹnikẹ́ni nínú wa tí kò mọ̀. Àárín wa ló dàgbà sí.

Nígbà tí ibodè tì, lẹ́tà àjèjì wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé. Wọ́n á kọ ọ́ sí orúkọ tí kò sí ẹni tó ń jẹ́ ẹ nínú wa, orúkọ tó kún fún nọ́ńbà àti àmì wẹ́wẹ́. Òmíràn ń polówó oògùn. Òmíràn ń wá ẹni tí yóò bá a gbé ìrẹsì gba inú igbó. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù gbọ́ fìnrín, wọ́n wá jókòó sílé ẹgbẹ́, wọ́n ń bi akọ̀wé pé ta ló ń jẹ́ èyí, ta ló ń jẹ́ tọ̀hún. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo rí òógùn tó bò ó. Nígbà tí wọ́n lọ, mo bu omi fún un, ó mu ún tán.

Ní ìjókòó tó tẹ̀ lé e, ó dìde. Ó ní òun ti tún ẹ̀rọ náà tò. Ó ní tẹ́lẹ̀, ṣe ló ń gba gbogbo lẹ́tà wọlé kó tó mọ èyí tí kò dáa. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹnu ọ̀nà ni yóò ti máa dá orúkọ àjèjì padà sọ́dọ̀ ẹni tó fi ránṣẹ́, kò ní fẹsẹ̀ tẹ àárín ilé. Orúkọ tó bá ní àmì nínú, orúkọ tí òun ò bá fi ọwọ́ ara òun kọ sínú ẹ̀rọ, kò ráàyè wọlé mọ́. A pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi gan-an pàtẹ́wọ́, mo tún dìde jó díẹ̀. Mo gbàdúrà fún un pé ohun tí kò dáa kò ní rọ́nà wọlé tọ òun náà. Kò sí ẹni tó bi í pé àwọn ọmọ wa tó ń kọ Màmá ńkọ́. Àwa ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kàn wọ́n. Òun mọ̀.

Oṣù ọmọ mi wá wọlé. Mo di ẹrù: ọṣẹ dúdú, kàn-ìn-kàn tuntun, òrí, àdín, àlòkù aṣọ rírọ̀ tí n ó fi máa nu ọmọ. Mo so wọ́n sínú àpò kan, mo fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ ìjókòó, mo wọlé tọ̀ ọ́ ní iyàrá ẹ̀yìn.

"Ọkọ mi, ṣé wọ́n kọ̀wé sí mi láti òdìkejì?"

Ojú rẹ̀ wà lára kọ̀ǹpútà. "Kò sí lẹ́tà yín níbí, Màmá."

"Wò ó dáadáa."

"Mo ti wò ó. Kò sí."

Mo padà sílé. Ní ìjókòó kejì, bákan náà. Àwọn ẹgbẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ọ̀kan ní, "Ìyá ìkókó, ìkókó dà?" Èkejì ní bóyá ìyá ọkọ ti gba kàn-ìn-kàn lọ́wọ́ mi, pé àwọn ará ilẹ̀ Faransé ò fẹ́ ọwọ́ tó ń rùn gàárì. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọwọ́ tó ń rùn gàárì yẹn bá mi wọ ọkọ̀, ó bá mi délé.

Ní ìjókòó ẹ̀yìn ìyẹn, kí n tó la ẹnu ló ti dáhùn. Ó ní, "Kò sí o, Màmá. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀nà igbó ò dáa lásìkò yìí, ẹ jókòó sílé yín." Ó ra búrẹ́dì fún mi, ó sìn mí dé ibi tí mo ti máa wọkọ̀. Mo rò pé àánú mi ló ń ṣe é. Bóyá ló sì ń ṣe é.

Mo ka oṣù lọ́kàn mi, mo mọ̀ pé ọmọ mi gbọ́dọ̀ ti bímọ. Wọn ò pè mí. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé mi, mo ń ro ohun tí mo ṣe sí wọn. Mo rántí gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ ìdána, mo ń tú u wò bóyá ọ̀kan nínú wọn ló dùn wọ́n. Mo rò pé ọmọ mi ń tijú mi. Lọ́jọ́ kan mo já àpò náà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo mú ọṣẹ dúdú jáde, mo fi wẹ̀. Mo ní ohun tí kò sí ẹni tó fẹ́, kí n fi jẹ ayé tèmi.

Láàárín àkókò yẹn ni aládùúgbò mi kú, ìyá àgbà tí ògiri ilé rẹ̀ àti tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, tí òun náà ń yan gàárì. A sin ín. Àwọn ọlọ́kadà tó ń yọ́ gba igbó kọjá rí wa níbi ìsìnkú náà, wọ́n sì bá tiwọn lọ. N kò ro nǹkan kan sí i.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo wà nídìí iná, mò ń yan gàárì, ni ọ̀dọ́kùnrin kan bá yọ láti ojú ọ̀nà oko. Ẹrẹ̀ dé e lórúnkún. Ó fi aṣọ funfun kan tí wọ́n ká dáadáa há abíyá. Ó rí mi, ó dúró. Kò kí mi, kò dọ̀bálẹ̀. Mo nu èéfín kúrò lójú mi, mo wá rí i pé àbúrò ọkọ ọmọ mi ni.

Mo ní, "Kí ló dé tí ò ń wò mí báyìí? Ọmọ mi ti bímọ?"

Orí èèpo ẹ̀gẹ́ ló jókòó lé, kò wo ibi tó jókòó sí. Ó ní, "Màmá, wọ́n ní ẹ ti kú."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Ìwé tó wá láti ilé yín ló ní bẹ́ẹ̀. Ọlọ́kadà náà sọ pé àwọn rí ibi tí wọ́n ti ń sin yín."

"Ṣé òkú ló ń yan gàárì?"

"Àwa náà ò mọ̀, Màmá. Lẹ́ẹ̀mẹta la kọ̀wé."

Aṣọ tó há abíyá, aṣọ tí àna fi ń sin ìyá ìyàwó ni. Ó pẹ́, ó ní wọ́n mọ̀ pé ó pẹ́, àwọn ẹ̀ṣọ́ tó wà nínú igbó ni kò jẹ́ kí ó tètè wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n òun ní kò gbọdọ̀ di ohun tí a kò mú wá. Mo gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fọwọ́ pa á. Aṣọ tó dáa ni. Mo pe ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin mi pé kó wá gba ìdí iná, mo já àpò mi, mo tẹ̀ lé e.

N kò ní sọ púpọ̀ nípa ọ̀nà igbó. A bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi tó ní ká bẹ̀rẹ̀, a dúró níbi tó ní ká dúró. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi lójú ọ̀nà, àfi ohun kan. Nígbà tí a dé ẹ̀yìnkùlé wọn, mo gbọ́ tí ìyá ọkọ ọmọ mi ń rẹ ọmọ kan lẹ́kún, ó ń pe orúkọ rẹ̀. Gbogbo wa la mọ orúkọ náà. Òun ni a ń sọ ọmọbìnrin tí a bá bí lẹ́yìn tí ìyá àgbà kú, pé ìyá náà ló padà wá. Ìyá ọkọ rèé lójú mi láàyè. Ìyá ọkọ kọ́ ni wọ́n fi sọ ọmọ náà, èmi ni. Wọ́n ti kó àwọn èèyàn jọ, wọ́n ti gbàdúrà, wọ́n ti fi ikú mi sọ ọmọ lórúkọ, èmi sì wà lábúlé, mò ń fi ọṣẹ rẹ̀ wẹ̀.

Ọmọ mi jáde, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Kò sáré wá bá mi. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú.

Ó ní, "Ẹ sọ̀rọ̀, Màmá. Ẹ sọ̀rọ̀ kí n gbọ́."

Mo ní, "Ta ló ń wẹ ọmọ?"

Ìgbà náà ló tó sunkún. Aládùúgbò wọn kan, obìnrin Ẹ̀gùn, ló ń bá a wẹ ọmọ láti ọjọ́ tó ti bí. Ó gbìyànjú, Ọlọ́run á san án fún un, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń tẹ orí ọmọ lọ́dọ̀ tiwọn kọ́ ni a ń tẹ̀ ẹ́ lọ́dọ̀ tiwa. Mo tú àpò mi kí n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọṣẹ kò sí níbẹ̀. Ọmọ mi ń wo inú àpò náà, n kò sọ ibi tí ọṣẹ lọ fún un.

Lẹ́yìn oúnjẹ, àna mi kó àwọn lẹ́tà náà wá. Ó ti tẹ̀ wọ́n jáde sórí ìwé. Èyí àkọ́kọ́ ní oṣù ti wọlé. Èyí tó tẹ̀ lé e ní kí n fèsì kíákíá kí àbúrò òun lè bọ́ sọ́nà. Èyí ìkẹyìn, ọmọ mi fúnra rẹ̀ ló ní kó kọ ọ́ lẹ́yìn tí ó bímọ: pé Màmá, bí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ má fi ọmọ wíwẹ̀ jẹ mí níyà. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni gẹ̀ẹ́sì tí ẹ̀rọ wa dá padà fún wọn wà. Àna mi túmọ̀ rẹ̀ fún mi, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Ó ní: ẹni tí ẹ ń wá yìí, kò sí níbí.

Ọmọ mi ní nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n kà á fún òun, òun rò pé èmi ni mo ní kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún òun. Nígbà kejì ẹ̀rù bà á. Nígbà tí ọlọ́kadà wá dé, kò sí ohun tó kù láti bi ẹnikẹ́ni.

Mo dúró tì wọ́n títí ọmọ náà fi gbé ọrùn rẹ̀ dúró. Mo ránṣẹ́ sílé kí àwọn ọmọkùnrin mi sọ fún ẹgbẹ́ pé ara mi ò yá. Lọ́jọ́ ìjókòó tí mo padà, mo tètè dé Ìlaròó kí àwọn tó kù tó dé. Ó wà ní iyàrá ẹ̀yìn. Inú rẹ̀ dùn láti rí mi, ó fà mí lọ́wọ́ sórí àga.

Mo ní, "Ọkọ mi, lẹ́tà mi dà?"

Ó ní, "Kò tíì sí, Màmá."

Mo tú ìwé náà nínú ìdí ìró mi, mo tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀. Ó kà á. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e sórí itan.

"Ṣé ẹ̀rọ yìí máa ń sọ fún ọ bó bá dá èèyàn padà?"

Ó ní, "Ó máa ń sọ, Màmá. Àràárọ̀ ni mo ń wò ó."

"O rí tèmi."

"Mo rí i."

"O mọ̀ pé èmi ni."

"Mo mọ̀."

"Mo sì ń wá bi ọ́."

"Ẹ bi mí bóyá lẹ́tà yín wà níbí. Kò sí níbí, Màmá. Kò wọlé. N kò parọ́ fún yín."

Mo ti rí nǹkan láyé. Bàbá àwọn ọmọ mi kú, mo sin ín. Omi gbé ẹ̀gẹ́ mi lọ, mo tún òmíràn gbìn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn, pé òun kò parọ́ fún mi, láti ẹnu ọmọ tí mo kọ́ ní ọ̀rọ̀ sísọ, ó ṣe mí bí ẹni pé ẹnì kan fa àga kúrò nídìí mi.

Lẹ́yìn náà ló wá ń sọ tẹnu rẹ̀. Ó ní àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù sọ pé bí lẹ́tà kan bá tún wọlé láti òdìkejì tí ọ̀rọ̀ igbó wà nínú rẹ̀, òun ni àwọn máa mú. Ó ní òun tún mọ̀ mí, pé bí òun bá fi lè sọ fún mi, màá lọ, wọ́n sì lè yìnbọn lù mí lójú ọ̀nà. Ó ń sunkún. Ó ní ààbò mi lòun ń wá. Mo wo ojú rẹ̀ títí. Ó wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé ẹ̀rù bà á nítorí mi. Ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú pé ẹ̀rù bà á nítorí ara rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì, n kò mọ̀ ọ́n títí dòní.

Mo bi í pé àwọn ọmọ tó wà ní Èkó ńkọ́, àwọn náà ṣáà ń kọ Màmá. Ó ní òun ti pè wọ́n lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan, òun ti kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa kọ ọ́ kó lè wọlé.

Mo ní, "O pe gbogbo wọn."

Ó ní, "Màmá, ẹ forí jì mí."

Mo ní kó ṣí ẹnu ọ̀nà fún àna mi, kí n rí i. Ó yíjú sí kọ̀ǹpútà, ó tẹ ohun tó tẹ̀, ó ní ó ti tán, bí wọ́n bá ti kọ ọ́ bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́, yóò wọlé. Àkókò tó gbà á kò tó èyí tí èèyàn ń lò láti fi igbá yí gàárì lórí iná kó má jóná. Ìwọ̀nba ohun tó dúró láàárín èmi àti ọmọ mi nìyẹn.

N kò ṣépè. N kò ro ẹjọ́ níwájú ẹgbẹ́. Nígbà tí àwọn obìnrin yòókù dé, tí ó dìde láti kí wa, mo dáhùn. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Akọ̀wé." Ó wò mí. Láti ọjọ́ tí mo ti gbé e, n kò fi ẹ̀yin bá a sọ̀rọ̀ rí, n kò sì pè é ní nǹkan mìíràn ju ọkọ mi lọ. Àwọn obìnrin náà rò pé mò ń fi oyè rẹ̀ yẹ́ ẹ sí. Òun nìkan ló mọ̀ pé mo ti bọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, bó bá gbé ẹran ọdún wá fún mi, màá gbà á, màá ní ẹ ṣeun, Akọ̀wé.

Orúkọ ọmọ náà kò ṣeé kó padà. A fún un ní òmíràn, àwọn ará ilé ọkọ sì gbà, ṣùgbọ́n èyí àkọ́kọ́ ló ti mọ́ wọn lẹ́nu. Bó bá wá kí mi báyìí, tí àwọn ọmọdé bá ń pè é nínú àgbàlá mi, àwọn àlejò máa ń bi mí pé nígbà wo ni ìyá ọkọ ọmọ mi kú. Mo máa ń ní kò kú o. Wọ́n á máa wò mí.

Lẹ́yìn tí ibodè ṣí, gbogbo àwọn ọmọ mi wá sílé pa pọ̀, a jókòó sábẹ́ àtíbàbà lẹ́yìn ilé. Mo ro ọ̀rọ̀ náà fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àbíkẹ́yìn mi, tí kò lè ṣe kó má ṣẹ̀fẹ̀, ní, "Màmá, ṣé ká wá máa kọ orúkọ yín ní ṣákálá ni, kí ẹ̀rọ má baà bínú?"

Mo ní, "Rárá. N kò ní tìtorí ẹ̀rọ di ẹgbẹ́ yín. Ẹ máa kọ ọ́ bí ẹ ṣe ń pè mí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi obìnrin kò rẹ́rìn-ín, ó ń fún ọmọ lọ́yàn. Mo dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán. Mo wá sọ fún wọn pé lọ́jọ́ kan, àwọn náà yóò ní ilé, wọn yóò sì fi ẹnì kan sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Mo ní, "Bó jẹ́ ọmọ tí ẹ fi ẹ̀yìn ara yín pọ̀n, bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ má ṣe bi í pé ta ló wọlé. Ohun tí mò ń bi í nìyẹn. Ẹ bi í pé ta ló dá padà."